Ìdí tí Iṣẹ́ Ìgbà Ìsinmi fi Dínkù Láàrin Àwọn Ọ̀dọ́langba Ilẹ̀ Amẹ́ríkà: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn láti Ọdún 1938

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpinpin ìtàn iṣẹ́ owó tí àwọn ọ̀dọ́langba ilẹ̀ Amẹ́ríkà máa ń ṣe lẹ́yìn ilé-ìwé àti ní àsìkò ìsinmi gígùn. Ní ọdún 1979, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 16 sí 19, nǹkan bí 58 ni ó ń ṣiṣẹ́ tàbí tí ó ń wá iṣẹ́. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2014, iye náà ti wálẹ̀ sí 34. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ìwà ọ̀lẹ ni ó fa èyí. Ohun tí ìtàn fi hàn yàtọ̀: ilé-ìwé ni ó gba àkókò àwọn ọ̀dọ́, àgbàlagbà ni ó gba ààyè iṣẹ́ wọn, owó iṣẹ́ náà kò sì lè ra ohun tí ó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́. A fi iṣẹ́ náà gúnlẹ̀ nípa yíyẹ ohun tí ìtàn yìí lè kọ́ àwa olùkọ́ ilẹ̀ Yorùbá wò.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Lójú àwọn baba ńlá wa, iṣẹ́ wà lára àdá tí a fi ń pẹ̀ka ọmọ. Ọmọ àgbẹ̀ ń bá baba rẹ̀ re oko, ọmọ alágbẹ̀dẹ ń fín ewìrì, ọmọ oníṣòwò ń bá ìyá rẹ̀ pàtẹ ọjà. Kò sí ẹni tí ó mọ odi sáàárín iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́. Ìgbà tí ilé-ìwé dé ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ti ìwé nìyí, ti iṣẹ́ nìyẹn.

Ìyapa yìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Ilẹ̀ yòówù tí ilé-ìwé bá ti di dandan fún ọmọ ni ìbéèrè kan náà ti ń yọjú: wákàtí mélòó nínú ọjọ́ ọmọ ni ti ìwé, mélòó sì ni ti iṣẹ́? Ìdí méjì ni a fi yan Amẹ́ríkà fún àyẹ̀wò. Èkíní ni pé láti ọdún 1948 ni àkọsílẹ̀ ìjọba ibẹ̀ ti ń fi iye àwọn ọ̀dọ́langba tí ó ń ṣiṣẹ́ hàn lóṣooṣù, a sì lè fi ojú ara wa rí ìgbà tí iye náà gòkè àti ìgbà tí ó sọ̀kalẹ̀. Èkejì ni pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀dọ́langba ti gbilẹ̀ débi tí ó fi di àṣà fún ọmọ olówó àti ọmọ tálákà, kí ó tó di pé ó dínkù.

Oríṣi iṣẹ́ méjì ni a ní lọ́kàn. Ọ̀kan ni iṣẹ́ owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe fún wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé tàbí ní òpin ọ̀sẹ̀. Èkejì ni iṣẹ́ tí ó ń ṣe láàrin oṣù Òkúdù sí oṣù Ògún, nígbà tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi gígùn. Iṣẹ́ ilé tí ọmọ ń ṣe fún òbí rẹ̀ láìgba owó kò sí nínú rẹ̀.

Ìgbà tí Ọmọdé Jẹ́ Òṣìṣẹ́

Kí á tó lè mọ ohun tí ó dínkù, ó yẹ kí á mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Ọdún 1833 ni ìwé ìròyìn The Sun ní ìlú New York bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwọn ọmọkùnrin kéékèèké láti ta ìwé ìròyìn lójú pópó. Nígbà tí ó di ọdún 1899, àwọn ọmọ tí ń ta ìwé ìròyìn ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ìlú náà tí wọ́n fi lè daṣẹ́ sílẹ̀ lòdì sí àwọn ìwé ìròyìn Joseph Pulitzer àti ti William Randolph Hearst. Ní apá Gúúsù, àwọn ọmọdé ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìrànwú. Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, àwọn ọmọkùnrin jókòó láti òwúrọ̀ di àṣálẹ́, wọ́n ń ṣa òkúta kúrò lára èédú tí wọ́n wà láti inú ilẹ̀.

Ọdún 1904 ni àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè láti gbógun ti iṣẹ́ ọmọdé. Láti ọdún 1908 ni Lewis Hine, ẹni tí ó ti jẹ́ olùkọ́ kí ó tó di ayàwòrán, ti ń yí káàkiri fún ìgbìmọ̀ náà, tí ó ń ya fọ́tò àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn fọ́tò wọ̀nyí wà lára ohun tí ó yí ọkàn ará ìlú padà. Síbẹ̀, ọ̀nà náà kò tẹ́jú. Òfin tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe ní ọdún 1916 ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fagi lé ní ọdún 1918. Ọdún 1938, lábẹ́ Ààrẹ Franklin Roosevelt, ni òfin tí ó múlẹ̀ tó jáde. Òfin yìí ni ó fi àlà sí ọjọ́ orí òṣìṣẹ́. Òun náà ni ó fi lélẹ̀ pé owó iṣẹ́ wákàtí kan kò gbọdọ̀ kéré ju sẹ́ǹtì 25 lọ.

Òfin nìkan kọ́ ni ó kó ọmọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ilé-ìwé ti ń fà wọ́n láti ìhà kejì. Massachusetts ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó fi òfin de òbí láti rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé, ní ọdún 1852. Mississippi ni ó kẹ́yìn, ní ọdún 1918. Ní ọdún 1910, kò tó ẹnì kan nínú àwọn ọ̀dọ́ mẹ́wàá tí ó ń parí ilé-ìwé girama. Ní ọdún 1940, nǹkan bí ìdajì wọn ni ó ń parí rẹ̀. Ìdágìrì ọrọ̀ ajé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1929 dá kún un, nítorí pé àgbàlagbà tí kò níṣẹ́ kò fẹ́ kí ọmọdé máa bá òun du ìwọ̀nba iṣẹ́ tí ó kù.

Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn. Dídínkù àkọ́kọ́ tí ó bá iṣẹ́ ọmọdé ní Amẹ́ríkà kì í ṣe àdánù. Ìṣẹ́gun ni àwọn ènìyàn kà á sí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Àdéhùn Láàrin Ilé-Ìwé àti Iṣẹ́

Òfin ọdún 1938 kò ti ilẹ̀kùn pa pátápátá. Ó gba ọmọ ọdún 14 àti 15 láyè láti ṣe iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ fún ìwọ̀nba wákàtí tí kò bọ́ sí àkókò ilé-ìwé. Ẹni tí ó bá pé ọdún 16 lè ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ eléwu di ti ẹni tí ó bá pé ọdún 18. Ẹnu ọ̀nà yìí ni iṣẹ́ ọ̀dọ́langba òde òní gbà wọlé.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ènìyàn kó jáde láti àárín ìlú lọ sí àwọn àdúgbò tuntun, ilé ìtajà ńláńlá sì tẹ̀lé wọn. Ọdún 1955 ni Ray Kroc ṣí ilé oúnjẹ McDonald's tirẹ̀ ní Des Plaines, ní ìpínlẹ̀ Illinois; irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀, níbi tí a ti ń se oúnjẹ wàràwàrà fún oníbàárà, sì tàn ká gbogbo ilẹ̀ náà. Iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀ kò gba ìwé ẹ̀rí, ó pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó èyí tí baba ọlọ́mọ lè fi gbọ́ bùkátà. Akẹ́kọ̀ọ́ gan-an ni ó bá mu. Bákan náà ni wọ́n ń gé koríko àgbàlá, wọ́n ń bá abiyamọ tọ́jú ọmọ, wọ́n sì ń fi kẹ̀kẹ́ pín ìwé ìròyìn láti ojúlé dé ojúlé.

Ìjọba náà dá sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tálákà tí irú ilé ìtajà bẹ́ẹ̀ kò sí ní àdúgbò wọn. Lábẹ́ òfin tí Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí ní ọdún 1964 láti gbógun ti òṣì, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san owó iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ ní ìgbà ìsinmi. Àwọn òfin tí ó tẹ̀lé e ní ọdún 1973 àti 1982 kò jẹ́ kí ètò náà parun.

Báyìí ni àdéhùn kan ṣe fìdí múlẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Ilé-ìwé ni ó ni oṣù mẹ́sàn-án nínú ọdún, iṣẹ́ sì lè ní oṣù mẹ́ta tí ó kù. Ọdún 1979 ni iye àwọn ọ̀dọ́langba tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí tí ó ń wá a ga jù lọ. Bí a bá wo oṣù Agẹmọ nìkan, tí a sì ka gbogbo ọ̀dọ́ láti ọdún 16 dé 24, ọdún 1989 ni ó ga jù: 77.5 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìdí tí Àdéhùn náà fi Tú

Igi kan kò lè dá igbó ṣe. Kò sí ìdí kan ṣoṣo tí ó lè fa irú ìwálẹ̀ tí ó bá iye yìí. Márùn-ún ni a rí tí ó ṣe pàtàkì.

Èkíní, ilé-ìwé gba ìsinmi. Ní ọdún 1983, ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ tẹ ìwé kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ A Nation at Risk, tí ó kéde pé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń jó rẹ̀yìn. Ìgbìmọ̀ náà dábàá pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé girama ṣe ọdún mẹ́ta ìṣirò àti ọdún mẹ́ta sáyẹ́ǹsì, kí iṣẹ́ àṣetiléwá pọ̀ sí i, kí ọjọ́ ilé-ìwé sì gùn sí i. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni ó fi kún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí. Ìpínlẹ̀ Maryland tilẹ̀ sọ ọ́ di dandan, ní àwọn ọdún 1990, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi wákàtí 75 sin ìlú láìgba owó. Àbájáde rẹ̀ hàn nínú àkọsílẹ̀ ìjọba. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1985, nǹkan bí ẹnì kan nínú àwọn ọ̀dọ́langba mẹ́wàá ni ó wà ní ilé-ìwé. Ní oṣù kan náà ní ọdún 2016, wọ́n ti ju mẹ́rin lọ nínú mẹ́wàá. Ọmọ tí ó jókòó sí kíláàsì ní oṣù Agẹmọ kò lè wà nídìí ẹ̀rọ ìgbowó ní súpámákẹ́ẹ̀tì.

Èkejì, ọwọ́ mìíràn bọ́ sí iṣẹ́ náà. Bí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ àgbẹ̀rọ ṣe ń kógbá sílé láti àwọn ọdún 1970, àgbàlagbà tí kò ní ìwé ẹ̀rí gíga bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ ilé ìtajà àti ilé oúnjẹ. Àwọn tí ó ṣí wá láti ilẹ̀ òkèèrè náà ń gba irú iṣẹ́ yìí. Ìwádìí Christopher Smith, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, tí ó jáde ní ọdún 2012, fi hàn pé àwọn ọ̀dọ́ ni ìdíje yìí bá jù. Agbanisíṣẹ́ fẹ́ ẹni tí yóò wà lọ́dún-lọ́jọ́, kì í ṣe ẹni tí yóò lọ ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀. Àwọn ibi ìgbafẹ́ tí ó nílò òṣìṣẹ́ fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan náà rí ọ̀nà mìíràn: nǹkan bí 100,000 akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti ilẹ̀ òkèèrè ni ìjọba fún ní ìwé àṣẹ láti wá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan. Ní ti ìwé ìròyìn, àgbàlagbà tí ó ní ọkọ̀ ni ó ń pín in kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ oníkẹ̀kẹ́ ti di ìtàn.

Ẹ̀kẹta, owó iṣẹ́ náà sọ agbára nù. A lè fi ìṣirò kékeré kan yẹ èyí wò. Ní ọdún 1980, owó iṣẹ́ wákàtí kan tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin jẹ́ dọ́là 3.10. Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12 yóò gba dọ́là 1,488. Ìpíndọ́gba owó ilé-ìwé ọdún kan ní yunifásítì ìjọba fún ọmọ ìpínlẹ̀ jẹ́ nǹkan bí dọ́là 800 nígbà náà. Iṣẹ́ ìsinmi kan tó ó san, yóò sì ṣẹ́ kù. Láti ọdún 2009, owó wákàtí tí òfin àpapọ̀ fi lélẹ̀ jẹ́ dọ́là 7.25, èyí tí yóò jẹ́ dọ́là 3,480 fún iye wákàtí kan náà. Ṣùgbọ́n owó yunifásítì ti wá ju dọ́là 10,000 lọ lọ́dún. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni owó wákàtí tiwọn ti ju èyí lọ. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá gba dọ́là 15 ní wákàtí kan kò lè rí ju dọ́là 7,200 lọ. Nítorí náà, nígbà tí òbí bá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó lọ kàwé gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́, kò ṣi ìṣirò rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀kẹrin, ìjọba yọwọ́. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1998 lórí ètò òṣìṣẹ́ fòpin sí owó àpapọ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ìsinmi nìkan. Ó pa á pọ̀ mọ́ àwọn ètò mìíràn fún àwọn ọ̀dọ́. Àwọn ìlú kan bí New York, tí ètò tirẹ̀ ti wà láti ọdún 1963, gbé ẹrù náà fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ ìlú kò lè gbé e.

Ìkarùn-ún, ìdágìrì ọrọ̀ ajé wó ohun tí ó ti ń yẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2007 sí oṣù Òkúdù ọdún 2009, iṣẹ́ di ọ̀wọ́n gógó. Iye tí ó jẹ́ 52 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún 2000 di nǹkan bí 35 ní ọdún 2010. Lẹ́yìn ọdún 2021, nígbà tí agbanisíṣẹ́ ń wá òṣìṣẹ́ tì, ó gbérí díẹ̀ sí nǹkan bí 37, ṣùgbọ́n kò padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́.

Nínú ìdí márààrún yìí, kò sí èyí tí a lè pè ní ọ̀lẹ. Òótọ́ ni pé ìgbádùn orí kọ̀ǹpútà àti fóònù ń gba àkókò ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ìwálẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ kí fóònù alágbèéká olóhun-mèremère tó gbilẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2007. Ohun tí ó dé lẹ́yìn kò lè jẹ́ ìdí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú.

Ta ni ó Pàdánù?

Èrò àwọn onímọ̀ kò ṣọ̀kan lórí àǹfààní iṣẹ́ ọ̀dọ́langba. Ní ọdún 1986, Ellen Greenberger àti Laurence Steinberg kọ ìwé kan tí wọ́n fi jiyàn pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí púpọ̀ lọ́sẹ̀ ń fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ sínú ewu. Ọ̀rọ̀ wọn ní láárí. Ọmọ olówó tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ kọ́ ìṣirò, orin tàbí èdè ní ìgbà ìsinmi kò pàdánù púpọ̀. Ó fi ohun rere kan pààrọ̀ òmíràn ni.

Ti ọmọ tálákà yàtọ̀. Àwọn ọmọ ilé tí owó ń wọlé sí díẹ̀díẹ̀ ni kì í sábà rí iṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ni wọ́n nílò owó náà jù, nítorí pé ẹni tí baba rẹ̀ mọ olùdarí ilé ìtajà ni ó ń wọlé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iye ọ̀dọ́langba adúláwọ̀ tí ó ń wá iṣẹ́ tí kò rí ti jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po méjì ti àwọn aláwọ̀ funfun. A kò lè pe ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ kiri ní ọ̀lẹ.

Ohun tí iṣẹ́ lè ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ hàn ní Chicago ní ọdún 2012. Ìlú náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilé-ìwé 13 ní àdúgbò tí ìwà ipá ti pọ̀ ní iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Gègé ni wọ́n ṣẹ́ láti mọ ẹni tí yóò wọlé, a sì tipa bẹ́ẹ̀ lè fi àwọn tí ó rí iṣẹ́ wé àwọn tí kò rí i. Ìwádìí Sara Heller, tí ó jáde ní ọdún 2014, fi hàn pé láàrin oṣù 16, iye ìgbà tí ọlọ́pàá mú àwọn tí ó rí iṣẹ́ fún ìwà ipá fi 43 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré ni wọ́n fi ṣiṣẹ́.

Síbẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ gbogbo ni ó yẹ ọmọ. Ní ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ kan san owó ìtanràn mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là nítorí pé ó gba ọmọdé 102, tí àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 13, láti máa fọ ẹ̀rọ ìpẹran lóru. Ní ọdún kan náà ni àwọn ìpínlẹ̀ bí Arkansas àti Iowa dẹ okùn òfin iṣẹ́ ọmọdé. Iṣẹ́ tí ó kọ́ ọmọ ní ìwà ń wọ́n. Èyí tí ó ń ba ayé ọmọ jẹ́ kò tíì tán nílẹ̀.

Ohun tí Ìtàn yìí Kọ́ Àwa Olùkọ́

A ti ṣe irú ìyípadà yìí rí nílẹ̀ Yorùbá. Ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ ilé-ìwé fò láti nǹkan bí 457,000 ní ọdún 1954 sí 811,000 ó lé ní ọdún 1955. Lára ohun tí ó kọ àwọn àgbẹ̀ lóminú nígbà náà ni pé ta ni yóò ṣẹ́ kù tí yóò máa bá wọn ṣe oko. Ìbéèrè gidi ni. Èrè ẹ̀kọ́ náà pọ̀ ju àdánù rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé kò sí àdánù kankan.

Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, ìsinmi gígùn ti di àkókò lẹ́sìn fún ọmọ tí òbí rẹ̀ lówó lọ́wọ́. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò rí owó lẹ́sìn san ń kiri ọjà lójú títì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ọdún 2003 lòdì sí i. Àárín méjèèjì, níbi tí ọmọ ti lè fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí kò léwu lábẹ́ ojú àgbà tí ó mọ iṣẹ́, ni ó ń ṣófo. Àárín yìí náà ni ó ṣófo ní Amẹ́ríkà.

Àbá mẹ́ta ni a mú wá. (i) Kí olùkọ́ má ṣe fi ọ̀lẹ pe akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó bèèrè bí àkókò ọmọ náà ṣe ń lọ àti irú iṣẹ́ tí ó wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀. (ii) Kí ilé-ìwé tí ó bá gba ìsinmi ọmọ fún lẹ́sìn fi ohun tí iṣẹ́ ń kọ́ni sínú rẹ̀: pípé sí ẹnu iṣẹ́ lásìkò, bíbá àjèjì sọ̀rọ̀, ṣíṣírò owó tí ó jẹ́ ti ẹni. (iii) Kí ìjọba ìbílẹ̀ àti ilé-ìwé jọ wá ibi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì ti lè ṣiṣẹ́ láìléwu ní ìgbà ìsinmi, kí wọ́n sì kọ́kọ́ ro ti ọmọ tí kò lẹ́nìkan.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí i pé ìgbà méjì ni iṣẹ́ ọ̀dọ́ dínkù ní Amẹ́ríkà. Ìgbà àkọ́kọ́, tí ó parí sí ọdún 1938, àwọn ènìyàn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: wọ́n mú ọmọ kúrò nídìí ẹ̀rọ, wọ́n sì fi ilé-ìwé dípò rẹ̀. Ìgbà kejì, láti ọdún 1979, kò sí ẹni tí ó jókòó pinnu rẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nípa ìpinnu ilé-ìwé, agbanisíṣẹ́, òbí àti ìjọba, kí wọ́n tó wá yíjú sí ọmọ pé òun ni kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Ìlẹ̀kùn tí àgbà tì, kò tọ́ kí á bi ọmọdé pé èé ṣe tí kò fi wọlé. Ojúṣe àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ àti àwa tí a ń kọ́ni ni láti mọ ìlẹ̀kùn tí a ti tì, kí á sì mọ èyí tí ó yẹ kí á ṣí padà.